Ọwọ́ Méjì, Ìbọn Méjì: Àbùmọ́ àti Òfin nínú Eré Ìbọn orí Kọ̀ǹpútà

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ní gbòǹgbò. Nínú àwọn eré tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà, àti lórí ẹ̀rọ géèmù tí a ń so mọ́ amóhùnmáwòrán, oríṣi kan wà tí ó jẹ́ pé ìbọn ni aṣeré ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀ a máa ń rí akọni tí ó mú ìbọn kan ní ọwọ́ ọ̀tún, tí ó mú òmíràn ní ọwọ́ òsì, tí ó sì ń yin méjèèjì pọ̀. Níbo ni àwòrán yìí ti wá? Kí ni àwọn aṣẹ̀dá eré rí nígbà tí wọ́n gbé e wọ inú òfin eré? Èé sì ti ṣe tí àwọn kan nínú wọn, lẹ́yìn tí ayé ti yìn wọ́n fún un, tún fi ọwọ́ ara wọn yọ ọ́ kúrò?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé kí ni ti lítíréṣọ̀ nínú eré ọmọdé. Nígbà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé irú àkòrí yìí wá fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀, ẹ̀rín ni àwọn kan fi dá a lóhùn, ọmọ náà sì lọ kọ nípa ohun mìíràn tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀rín náà kò tọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́ bí a ti ń tú ewì palẹ̀, tí ó mọ̀ pé ọnà-èdè kan lè gbé gbólóhùn ga kí ó sì ba odindi iṣẹ́ jẹ́ bí akéwì kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, ó ti ní irinṣẹ́ tí a ó lò níhìn-ín. Àtakò mìíràn wà tí ó wúwo ju ti ẹlẹ́rìn-ín lọ. Ìbọn kì í ṣe ohun ìṣeré ní ilẹ̀ wa lónìí. Ilé ọ̀fọ̀ pọ̀ ní ìlú àti ní abúlé nítorí rẹ̀. Èmi náà kò gbàgbé. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí a mọ ibi tí àwòrán ìbọn méjì ti ń parọ́, kí a sì mọ ibi tí eré, lódì sí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń retí, ti já irọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbọn fúnra rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ kì í sábà ní ju ọta kan lọ nínú. Bí ó bá ti dún, ó di irin lásán títí a ó fi tún ki ẹ̀tù àti ọta sí i, èyí kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí a ń ṣe lójú ìjà. Ìdí nìyí tí àwọn jagunjagun àti àwọn ajalèlókun Yúróòpù fi máa ń gbé ju ẹyọ kan lọ kọ́ra. Nígbà tí ìbọn ọlọ́ta mẹ́fà dé Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà tó bí a ti lè rò. James Butler Hickok, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Wild Bill, tí wọ́n yìnbọn pa ní ìlú Deadwood ní 1876, gbajúmọ̀ fún ìbọn Colt Navy méjì tí ó máa ń fi há ìgbànú. Ihò mẹ́fà ni ìbọn náà ní, ṣùgbọ́n ẹ̀tù àti ọta ni a níláti fi kí ihò kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbọn kejì wà fún ìgbà tí ti àkọ́kọ́ bá tán. Àwọn ọdẹ wa tí ń lo ṣakabùlà mọ ọgbọ́n yìí dáadáa, nítorí pé ọ̀bẹ tàbí àdá kì í wọ́n ní ìdí ọdẹ, fún ìgbà tí ìbọn bá ti dún tán tí ẹran kò sì kú. A ó ṣàkíyèsí pé níní ohun ìjà méjì jẹ́ ọ̀kan, lílo méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sì jẹ́ òmíràn.

Èyí kejì yìí ni kò gba ọ̀nà. Ẹni tí yóò yìnbọn kí ó bà níláti to ojú ara rẹ̀, àmì tí ó wà lórí ìbọn, àti ohun tí ó fẹ́ yìn, sí orí ìlà kan ṣoṣo. Ìlà kan ni ojú lè tọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èdè wa mọ èyí kí a tó máa fi ìwé kọ́ ọ: a ní ẹnì kan fojú sun nǹkan, láti inú rẹ̀ ni a sì ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, àfojúsùn, tí a wá ń lò fún ohun tí ènìyàn ń lépa láyé. Bí ìbọn bá di méjì, ojú kò di mẹ́rin. Yàtọ̀ sí èyí, ìbọn a máa ta padà bí ó bá dún, ọwọ́ kejì ni ó sì yẹ kí ó bá ti àkọ́kọ́ dì í mú kí ó má baà gbọ̀n. Bí ọta bá wá tán ní méjèèjì ńkọ́? Ọwọ́ wo ni yóò ki òmíràn sí i? Àwọn baba wa ní ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo, wọn kò sì tí ì rí géèmù nígbà náà.

Síbẹ̀, àwòrán náà dùn ún wò, fíìmù ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀. Àwọn fíìmù màlúù-àti-ẹṣin ti Amẹ́ríkà ti lò ó tipẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ John Woo ní Hong Kong ni ó ti gba adé. Nínú A Better Tomorrow, tí ó jáde ní 1986, Chow Yun-fat ń rìn lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé oúnjẹ kan, ó ń rọra fi ìbọn pamọ́ sínú àwọn ìkòkò òdòdó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wọlé tọ àwọn ọ̀tá rẹ̀ lọ, ó yin ìbọn méjì pọ̀. Bí ó ti ń padà bọ̀, tí ọta ti tán, ó ju ti ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fa òmíràn yọ láti inú ìkòkò. Woo tún lo irú ìjà yìí nínú The Killer ní 1989 àti Hard Boiled ní 1992. Lójú ẹni tí ó kọ́ nípa ọnà-èdè, àbùmọ́ ni èyí, àbùmọ́ tí ó sì gún régé. Ẹ kíyè sí ìkòkò òdòdó wọ̀nyẹn. Òṣèré náà kò ní ọwọ́ kẹta tí yóò fi ki ọta sí ìbọn. Olùdarí mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi òdòdó dáhùn ìbéèrè náà kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àfojúsùn kò ní ìdáhùn nínú fíìmù, kò sì nílò rẹ̀. Ọta bà nítorí pé olùdarí ní kí ó bà. Ẹni tí ó ṣubú, owó ni ó gbà láti ṣubú.

Ibi tí eré ti yàtọ̀ sí fíìmù nìyí, òun sì ni àbá mi. Nínú eré, àbùmọ́ kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí àwòrán nìkan. Ó níláti di òfin. A níláti sọ iye ọta tí yóò jáde, bí yóò ti tàn ká tó, bọ́tìnnì wo ni a ó tẹ̀ fún ọwọ́ wo. Bí ènìyàn méjì bá sì ń bá ara wọn ṣeré, òfin náà níláti jẹ́ èyí tí ẹni tí ó ṣubú yóò gbà pé kò rẹ́ òun jẹ. Kò sí olùdarí tí yóò ní kí ó ṣubú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó fi èyí ṣe ìyọnu. Nínú Doom ti 1993, ìbọn kan ṣoṣo ni ó dúró ní àárín ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, bí ẹni pé láti inú àyà aṣeré ni ó ti hù jáde; ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọ̀tún àti òsì kò tilẹ̀ dìde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ilé-iṣẹ́ Bungie, tí ó wà ní Chicago nígbà náà, gbé Marathon jáde fún kọ̀ǹpútà Macintosh. Nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá rí ìbọn ìléwọ́ kejì yóò fi ọwọ́ òsì mú un, yóò sì máa yin méjèèjì. Nínú ọdún kan náà ni Rise of the Triad ti Apogee fi ìbọn ìléwọ́ méjì fún akọni tirẹ̀. Ẹ̀bùn ni ìbọn kejì jẹ́ ní àkókò yẹn; kò gba nǹkankan lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú GoldenEye 007 tí ilé-iṣẹ́ Rare ti Ìlú Ọba ṣe ní 1997 fún Nintendo 64: hẹ èkejì irú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, o di olóhun méjì. Eré yìí kan náà fi àyè sílẹ̀ fún aṣeré láti di páàdì méjì mú pọ̀, ọ̀kan ní ọwọ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ọwọ́ òsì, kí ó máa fi wọ́n darí akọni kan ṣoṣo. N kò mọ ẹlòmíràn tí èyí lè dùn mọ́ tó olùkọ́ lítíréṣọ̀: òǹkàwé tí ó di ohun tí ó ń kà mú bí ẹni inú ìtàn ti di tirẹ̀ mú.

Eré kan tí kì í ṣe ti ìbọn pátápátá ni ó kọ́kọ́ ta wá lólobó nípa gbèsè tí ń bẹ nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nínú Tomb Raider ti 1996, tí Core Design ṣe ní Derby, Lara Croft gbé ìbọn méjì lọ́wọ́ lára páálí eré náà, àwòrán yẹn ni ó sì mú un lókìkí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣe eré náà mọ̀ pé iṣẹ́ Lara ju ìbọn yíyìn lọ. Ó ń fò láti orí àpáta kan dé òmíràn, ó ń fi ọwọ́ gbá etí àpáta mú kí ó má baà já sí ọ̀gbun. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gbá nǹkankan mú. Ó níláti kọ́kọ́ dá wọn padà sínú àpò wọn ní itan. Ọ̀pọ̀ aṣeré ni ó já sí ọ̀gbun kí ó tó yé wọn pé ọwọ́ tí a rò pé ó ṣófo kò ṣófo rárá. Ó ń dúró de iṣẹ́ ni.

Halo ni ó sọ òye yìí di òfin tí a kọ sílẹ̀, n ó sì dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Bungie kan náà tí ó ṣe Marathon ni ó ṣe Halo: Combat Evolved fún ẹ̀rọ Xbox ní 2001. Nínú eré yìí, ìbọn ìléwọ́ kan wà tí ó kéré lójú ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ga: ó ní awò tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni, ọta mẹ́ta tí ó bá bá orí sì tó láti mú ènìyàn balẹ̀ nínú ìjà aṣeré sí aṣeré. Aṣeré lè fi ìka òsì tẹ bọ́tìnnì kan kí ó ju àdó olóró, ó sì lè fi ìdí ìbọn gbá ọ̀tá tí ó bá súnmọ́ ọn. Ìbọn, àdó, àti ìgbánilójú: orí mẹ́ta yìí ni ìjà inú Halo dúró lé bí ìkòkò lórí àdògán.

Nígbà tí Halo 2 jáde ní oṣù kọkànlá 2004 (apá kan ìjà inú rẹ̀ wáyé ní ìlú kan ní Kẹ́ńyà ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn), ìbọn méjì wà lára ohun tí ayé ń retí jù. Àwọn aṣẹ̀dá kò fi í tọrẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ìbọn kékeré nìkan ni a lè mú ní méjìméjì. Bọ́tìnnì tí ìka òsì fi ń ju àdó olóró di èyí tí ó ń yin ìbọn òsì, nítorí náà ẹni tí ó mú méjì kò lè ju àdó mọ́. Bí ó bá fẹ́ gbá ọ̀tá, ìbọn òsì yóò bọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí òfin yìí ti súnmọ́ òtítọ́ tó. Ìka aṣeré ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó sún mọ́ igun ilé pẹ̀lú ìbọn méjì, tí ó gbúròó ọ̀tá ní ẹ̀yìn igun náà, mọ̀ pé ọ̀tá lè ju àdó sí òun, òun kò sì lè ju tòun padà. Ó níláti yàn.

Ohun kan tún wà nínú Halo 2 tí ó dára jù lójú mi. Àwọn jagunjagun inú rẹ̀ ní ààbò kan tí ó yí ara wọn ká bí ìmọ́lẹ̀. Ìbọn àwọn àjèjì, èyí tí ń yọ iná, ń tètè fọ́ ààbò yìí. Ìbọn ènìyàn, tí ń yọ ọta, ni ó sì dára jù fún ara tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà aṣeré ọlọ́gbọ́n a máa mú ọ̀kan nínú irú méjèèjì: ọwọ́ òsì ṣí ìlẹ̀kùn, ọwọ́ ọ̀tún wọlé. Gbogbo wa tí a kọ́ nípa ewì Yorùbá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwítúnwí asán àti gbólóhùn méjì tí ó ṣe bí ìbejì, tí èkejì ń ṣe ohun tí èkínní kò lè ṣe. Ìbọn méjì inú Marathon jẹ́ àwítúnwí. Èyí tí mo sọ yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí àwọn aṣẹ̀dá fi pamọ́, gbogbo aṣeré ni ó sì san án, títí kan ẹni tí kò mú ìbọn méjì rí. Bí ìbọn kan bá lágbára tó láti mú ènìyàn balẹ̀, méjì rẹ̀ yóò pọ̀ jù. Kí ni a ó ṣe? A ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìdajì. Ìbọn ìléwọ́ tí ó jẹ́ ọba ní 2001 pàdánù awò rẹ̀ ní 2004, agbára rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, nítorí pé a ti ń wò ó gẹ́gẹ́ bí apá kan ohun tí a ń mú ní méjì. Ẹni tí ó mú ẹyọ kan, ìdajì ni ó mú. Èyí ni ohun tí àbùmọ́ ń ṣe sí èdè bí a bá gbà á láyè jù: bí gbogbo nǹkan bá ti di ńlá-ńlá nínú ewì, ọ̀rọ̀ lásán kò tún tó láti sọ ohunkóhun. Halo 3 ti 2007 ṣì di àṣà náà mú, ó tilẹ̀ fi irú ìbọn mìíràn kún un, àmọ́ ó yọ ọ̀kan kúrò nínú èyí tí a lè mú ní méjì kí ó baà lè tún ní agbára tirẹ̀. Nígbà tí Halo: Reach dé ní 2010, ìbọn méjì ti lọ. Ìbọn ìléwọ́ sì gba awò rẹ̀ padà. Lójú tèmi, iṣẹ́ alátúnṣe tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìyí, irú èyí tí ń fa ìlà pa ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn kí gbólóhùn tó kù lè dún.

Ilé-iṣẹ́ Infinity Ward gba ọ̀nà mìíràn nínú Call of Duty: Modern Warfare 2 ní 2009. Nínú eré yẹn, bọ́tìnnì òsì ni a fi ń gbé ìbọn sójú láti fojú sùn dáadáa. Ẹni tí ó bá yan ìbọn méjì, bọ́tìnnì yẹn di ti ìbọn òsì. Kò lè fojú sùn mọ́, ọta rẹ̀ yóò sì máa tàn ká. Ojú ni a fi san ìbọn kejì. N kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ wa, àfojúsùn, gan-an ni wọ́n gbé sórí òṣùwọ̀n. Ibi tí òṣùwọ̀n náà ti yẹ̀ tún kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ìbọn kan wà nínú eré náà, Model 1887, irú ìbọn gígùn tí ń tu ọta wẹ́wẹ́ jáde, tí Arnold Schwarzenegger fi ọwọ́ kan jù yípo nínú fíìmù Terminator 2 ní 1991. Ìbọn tí ọta rẹ̀ ń tàn ká fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ nílò àfojúsùn. Nítorí náà ẹni tí ó mú méjì rẹ̀ kò san nǹkankan. Ọta rẹ̀ sì ń rìn jìnnà ju bí ó ti yẹ lọ. Kò pẹ́ tí àwọn aṣeré fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé wọ́n ń rẹ́ àwọn jẹ, ilé-iṣẹ́ náà sì níláti fi àtúnṣe ránṣẹ́ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì láti dín agbára rẹ̀ kù.

Ariwo yẹn ni mo fẹ́ kí àwọn tí ń bẹ̀rù eré wọ̀nyí fetí sí. Ọ̀dọ́ tí ó wo àwòrán ara páálí nìkan, tàbí fíìmù nìkan, yóò rò pé ìbọn méjì jẹ́ agbára ìlọ́po méjì. Ẹni tí ó ti ṣe eré náà pẹ́ mọ̀ pé ohun kan ti lọ nídìí rẹ̀, ó sì lè sọ ohun tí ó lọ. N kò wí pé eré ń kọ́ ọmọ ní ìwà rere. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀, òbí kan kò sì gbọdọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ohun tí mo wí ni pé òfin eré ṣeé kà, bí a ti ń ka ìlù àti ìgbésẹ̀ ewì, àti pé nínú ọ̀rọ̀ ìbọn méjì, òfin náà sọ òótọ́ tí àwòrán fi pamọ́.

Ibi tí àbùmọ́ náà ti padà wá fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ní 2014, MachineGames ti ilẹ̀ Swídìn gbé Wolfenstein: The New Order jáde, ìtàn ayé kan níbi tí ẹgbẹ́ Násì ti borí nínú ogun àgbáyé kejì. Akọni inú rẹ̀ kò dúró lórí ìbọn ìléwọ́. Ìbọn ogun gígùn àti ìbọn tí ń tu ọta wẹ́wẹ́ ni ó ń mú ní méjìméjì, bí ẹni mú igi ìdáná. Kò sí ẹni tí ó pariwo ìrẹ́jẹ. Eré náà kò ní apá kankan tí ènìyàn ti ń bá ènìyàn jà. Ẹ̀rọ ni ó ń darí gbogbo àwọn tí akọni náà ń yìnbọn fún, ẹ̀rọ kì í sì í ké pe adájọ́.